Orúkọ Òkú Lára Ìgò

Dókítà òkú ni wọ́n ń pè mí ní Òsí, ìlú wa, wọn kì í sì í fi ṣe àwàdà. Bí mo bá ti ìlú ńlá dé, àwọn ìyàwó ilé á kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n òkèèrè ni wọ́n á ti kúnlẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Búrẹ́dì tí mo bá rà fún àwọn ọmọ wọn, ìyá mi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á, kó já a sí méjì, kó jẹ díẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kàn án. Mo ti ṣàlàyé títí ó fi sú mi. Mo ní òkú kọ́ ni mo ń wò ní gbogbo ọjọ́, ara alààyè ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Wọ́n á gé ẹran díẹ̀ lára aláìsàn níbi tó wú, wọ́n á fi í sínú ìgò tí omi oògùn wà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí wa. Àwọn òṣìṣẹ́ mi á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á pa á láró lórí gíláàsì, èmi á sì fi ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, màá sọ orúkọ àìsàn náà. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Lẹ́yìn náà, àbúrò bàbá mi á rọra bi mí bóyá àwọn òkú náà máa ń sọ̀rọ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá dókítà ní ẹ̀ka yìí, ní ilé ìwòsàn wa ní ìlú ńlá. Inú mi dùn, mo sì gbéra ga díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ọ̀sán ni àwọn ìgò máa ń dé, nínú àpótí onígi tí wọ́n fi òwú há láàárín, láti àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tí kò ní irú ẹ̀rọ wa. Ìwé pélébé kan máa ń wà pẹ̀lú ìgò kọ̀ọ̀kan: orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí, ìlú, ibi tí wọ́n ti gé ẹran náà. Mo ní àṣà kan tí mo kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi òyìnbó. Èmi kì í ka ìwé náà kí n tó wo ẹran. Ẹran ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí ìwé lè tan ènìyàn jẹ, ẹran kì í sì í purọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Mo wo gíláàsì náà, jẹjẹrẹ ọmú ni, kò sí iyèméjì kankan níbẹ̀. Mo kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Mo wá fa ìwé pélébé náà sọ́dọ̀ kí n lè da orúkọ aláìsàn kọ, mo sì bá orúkọ Yèyé Àgbà níbẹ̀.

Yèyé Àgbà ni ìyálé ìyá mi, ìyàwó àkọ́fẹ́ bàbá mi. Kò bímọ, èmi ni ó fi ṣe ọmọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sùn sí ju ẹ̀yìn ìyá mi lọ. Orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ajíhìnrere àtijọ́ kan ló wá a jáde láti inú Bíbélì fún un, mi ò sì tíì gbọ́ pé ẹlòmíràn ń jẹ́ ẹ ní gbogbo agbègbè wa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n kọ oríkì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ Òsí, wọ́n kọ orúkọ agbo ilé wa. Ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí Yèyé Àgbà ti kú. Èmi ni mo fọwọ́ pa ojú rẹ̀ dé. Iwájú ilé wa ni a sin ín sí, mo dúró níbẹ̀ títí bíríkìlà fi tẹ́ sìmẹ́ńtì lé e lórí.

Orí mi wú. Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn ń ràn lórí tábìlì mi, mo sì ń gbọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ mi ń jiyàn bọ́ọ̀lù ní yàrá kejì. Mo tún fi ojú sí ẹ̀rọ náà. Ẹran ara alààyè ni mo rí, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú àwọn iṣan tín-ín-rín inú rẹ̀ bó ṣe ń ṣàn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gé e. Èmi tí mo máa ń bá àwọn ìyàwó ilé wí nítorí búrẹ́dì, mo dìde, mo lọ ti ilẹ̀kùn yàrá mi.

Mo kọ ìwé sí dókítà tó fi ìgò náà ránṣẹ́, obìnrin òyìnbó kan tó wà ní ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì tó fẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ wa. Mo bi í bóyá wọn kò ṣi orúkọ kọ. Ó fèsì pé àwọn kò ṣì í kọ. Ó ní ọjọ́ ọjà ni obìnrin náà dá wá, òun fúnra rẹ̀ ló sọ orúkọ àti agbo ilé rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì pe orúkọ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń ka ìyẹn. Wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò padà wá. Nígbà tí èsì mi dé, wọ́n rán ajíhìnrere ìjọ wọn lọ sí Òsí lórí kẹ̀kẹ́ pé kó lọ pè é. Àwọn ará ilé wa fà á lọ́wọ́, wọ́n mú un lọ síwájú sìmẹ́ńtì náà, wọ́n ní ẹni tó ń wá nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni náà padà dé, ní ọjọ́ kejì ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa jíṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì kò sì jókòó mọ́ lórí bẹ́ǹṣì tí obìnrin náà jókòó sí.

Ohun tó kọ parí ìwé rẹ̀ ló lé mi dìde. Ó ní kókó náà kò ju ekùrọ́ lọ nígbà tí òun fọwọ́ kàn án, pé bí wọ́n bá tètè gé e kúrò, obìnrin náà lè pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n bó bá dé abẹ́ apá, kò sí ẹni tó lè ṣèlérí nǹkan kan. Ẹnì kan ń rìn káàkiri ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú nǹkan yìí láyà, ó sì ti fi orúkọ òkú bo ara rẹ̀. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo wa ọkọ̀ lọ sílé.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Eruku bo ojú ọ̀nà débi pé iná ọkọ̀ ni mo ń tàn rìn ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Nígbà tí mo dé, mo rí i pé iwájú ilé wa dá páropáro. Níbi tí àwọn ọmọdé ti máa ń ṣeré lórí sìmẹ́ńtì náà, kò sí ẹnì kan, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo ilé ń gbà wọlé báyìí. Àbúrò bàbá mi, tó ti di olórí ilé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ti kó àwọn àgbà jọ dè mí sí pálọ̀. Ajíhìnrere ti ròyìn ìgò náà fún wọn. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí n mumi tán.

Ó ní, “Ẹran tí o rí nínú ìgò nì, ti òkú ni àbí ti alààyè?”

“Ti alààyè ni, bàbá.”

“Ó dá ọ lójú?”

Mo ní ó dá mi lójú, mo tún fi kún un pé mo lè fi orí mi búra. Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ló ń fọn fèrè lẹ́nu mi. Mo rò pé mo ti lé gbogbo ìbẹ̀rù wọn lọ nìyẹn, pé wọ́n á mọ̀ pé obìnrin kan tó wà láàyè ló ya orúkọ lò. Ìyá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Ìgbà tí àbúrò bàbá mi tó sọ̀rọ̀ ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe.

Ó ní Yèyé Àgbà ti di àkúdàáyà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tí ikú mú, yóò dìde lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, yóò máa ṣòwò rẹ̀, yóò máa jẹ, yóò máa mu, títí ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ kan yóò fi ṣalábàápàdé rẹ̀. Ọjọ́ náà ni yóò pòórá, ikú rẹ̀ gidi nìyẹn. Nítorí náà ni àbúrò bàbá mi ṣe pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọdọ̀ wá a.

“Bí o bá wá a kàn, o pa á nù un,” ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì ń wò mí lójú.

Inú bí mi. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ níwájú àgbà. Mo ní kí a fọ́ sìmẹ́ńtì náà kí a ka egungun inú rẹ̀, kí kálukú lè lọ sùn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ti lo ọjọ́ púpọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn òkú. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbé àwo oúnjẹ mi dání, kò dá sí i. Nígbà tí mo jáde, ó gbé oúnjẹ náà fún mi, ó ní kí n má bínú sí wọn, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá obìnrin náà. Mo lọ sí Ìlọfà, mo lọ sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin, mo wọ àwọn abà tí ọkọ̀ kò lè dé. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé kò sí ibi tí mo dé tí wọn kò sọ pé àwọn rí i. Ní Ìlọfà, obìnrin kan tó ń ta obì ní ó ra obì lọ́wọ́ òun láàárọ̀ àná, ó sì gba ọ̀nà odò lọ, òun kò rí i kó padà. Ní Ìdófin, bíríkìlà kan sọ pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìyá kan yà tọrọ omi mu lọ́wọ́ òun, ìyá náà ní ará Òsí lòun, òun ń lọ sí ilé ìwòsàn, òun ní ọmọ kan tó jẹ́ dókítà ní ìlú ńlá. Ńṣe ni mo jókòó sórí òkìtì yanrìn ọkùnrin náà. Ní gbogbo Òsí nígbà náà, èmi nìkan ni dókítà, èmi sì ni Yèyé Àgbà ń pè ní ọmọ.

Nígbà tí mò ń padà lọ́jọ́ kẹrin, lọ́sàn-án, mo rí obìnrin kan níwájú lójú ọ̀nà oko, nínú ọyẹ́. Ó ru igi, ó ró aṣọ aláró, ó ń fi ẹsẹ̀ òsì wọ́lẹ̀ díẹ̀ bí Yèyé Àgbà ṣe máa ń ṣe. Mo pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo pe orúkọ náà. Obìnrin náà dúró. Kò wẹ̀yìn. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún ń lọ.

Ó yẹ kí n sáré lé e. Kò ju ibi tí òkúta lè dé bí ènìyàn bá jù ú lọ. Mi ò lé e. Mo dúró ti ọkọ̀ mi, èmi ọ̀gá dókítà, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé bí ó bá yíjú sí mi, ó máa pòórá. Mo padà wọ inú ọkọ̀, mo gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé. Ojú tì mí, ó sì ń tì mí di òní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn níbi tí òfì ìyá mi máa ń wà. Ahunṣọ ni ìyá mi, kíjìpá ló ń hun, lórí òfì àwọn obìnrin tí wọ́n ń gbé dúró ti ògiri, tí ahunṣọ á jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀, á máa na apá méjèèjì sókè. Mo kàn ń wò ó ni. Ilẹ̀ kò tíì ṣú lórí aṣọ rẹ̀ rí láìjẹ́ pé ó ti hun nǹkan kan kún un. Aṣọ tó wà lórí òfì lọ́jọ́ náà kò dé ìdajì, aláǹtakùn sì ti ta okùn láti etí kan dé etí kejì.

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé pé kí ló dé. Ó ní Màmá sọ pé èjìká ń dun àwọn, ó ti tó oṣù méjì. Ìyá mi wà lórí ẹní nítòsí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi sọ igbá tó wà lórí àjà kalẹ̀. Ó dìde, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i. Mo ní igbá náà wúwo, kó fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Ọwọ́ òsì kò gòkè kọjá èjìká; ó wo ojú mi. Ó padà jókòó sórí ẹní.

“Yèyé,” mo ní, “ẹ̀yin ni.”

Ó bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó dá mi lóhùn. Ó ní lọ́jọ́ tí òun lọ, nọ́ọ̀sì kan ń fi àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́kàn balẹ̀, ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù abẹ, pé ọmọ Òsí ni dókítà tí wọ́n ń fi ẹran náà ránṣẹ́ sí. Ó ní òun fẹ́ẹ̀ dìde máa bọ̀ nílé.

“Mi ì fẹ́ kí o bá orúkọ mi lára ìgò,” ó ní. “Mo tọrọ ti ìyálé mi. Mo ti lọ síwájú ulé, mo ti bẹ̀ ẹ́ kí n tó lọ. Òun ló sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi lọ́jọ́ tí mo wọlé yìí ní ìyàwó. Mo ní kó bá mi ru èyí náà.”

Ó rò pé àìsàn tó bá mọ orúkọ òkú, ọ̀dọ̀ òkú ni yóò máa wá a lọ. Kò ro ti èsì. Kò rò ó pé orúkọ tí òun fi sílẹ̀ ni wọ́n á fi wá òun. Nígbà tí ajíhìnrere dé tí ilé dàrú, ọ̀rọ̀ náà ti tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí wọ́n sì ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ àkúdàáyà lójoojúmọ́, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba òun náà. Ó sọ fún mi pé kókó náà kì í dun òun, nítorí náà òun ti ń rò ó pé bóyá lóòótọ́ ni ìyálé òun ń gbé e kiri níbìkan.

Kò jẹ́ kí n wo àyà òun. Ó gbà kí n kan fọwọ́ kan abẹ́ apá òun láti orí aṣọ. Mo fọwọ́ kàn án. Ó wà níbẹ̀, ó le, ó tó ẹ̀wà kan, òmíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo ti jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi wa ọkọ̀ káàkiri, òun ló ń jí ṣe oúnjẹ tí mò ń jẹ kí n tó lọ wá a. Mo ti mọ ara ènìyàn dé ibi tí ojú lásán kò lè dé, mi ò sì mọ̀ pé ìyá mi kò lè gbé apá.

“Ṣé o ti wò ó nínú ìgò?” ó bi mí.

“Mo ti wò ó, Yèyé.”

Ó fa ìró rẹ̀ sókè bo àyà, ó fọwọ́ dì í mú, bí ẹni pé ìgbà náà gan-an ni mò ń wò ó. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún.

Ó gbà láti tẹ̀ lé mi. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí n ṣe fún òun. Ó ní kí n jẹ́ kí orúkọ ìyálé òun máa wà nínú ìwé. “Orúkọ yẹn ni àìsàn yìí mọ̀. Má ṣe mú tèmi hàn án.” Mo ṣèlérí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, kò sí ohun tí ìbá ní kí n ṣe tí mi ò ní ṣe. Mo sọ òtítọ́ fún àbúrò bàbá mi kí a tó lọ, ó mi orí, kò sì sọ ohun tó gbà gbọ́ fún mi.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mo ní kí ẹlòmíràn bá mi wo ohun tí wọ́n gé. Ìyá mi padà sílé, ó hun aṣọ díẹ̀, kò fẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, mo sì ti mọ ohun tó jẹ́ kó tó sọ tán. Wọ́ọ̀dù wa ló ti lo ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ìkẹyìn. Orúkọ Yèyé Àgbà ló wà lórí káàdì rẹ̀, òun ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè, ìyá mi á sì dáhùn kíá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, mo tẹ̀ sí etí rẹ̀, mo pe orúkọ tirẹ̀ gan-an, tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Kò mira. Mo pè é nígbà mẹ́ta. Mo wá pe ti Yèyé Àgbà, ó sì la ojú.

Ọjọ́ kejì ló kú. Dókítà ọ̀dọ́ kan mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, ó ti kọ ohun tó pa á síbẹ̀ dáadáa, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ni, ó rọra bi mí bóyá orúkọ tó wà lórí káàdì náà ni kí òun kọ. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mi ò tíì jẹ́ kí ìwé tí kò tọ̀nà gba iwájú mi kọjá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó kọ ọ́.

A gbé e lọ sí Òsí. Àbúrò bàbá mi ka ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi í sínú Bíbélì rẹ̀. Yèyé Àgbà ti kú lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Nínú ìwé ìjọba, ìyá mi kò tíì kú, kò sì sí ìlú tí mo mọ̀ tí mo lè wa ọkọ̀ lọ láti wá a.